Oyin Òkè-Ògùn: Bí a Ṣe Ń Wọn Agbára Tó Ń Pa Kòkòrò Àrùn

Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, òdòdó igi òrí wà lára ohun tí kòkòrò oyin ń jẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn àgbà ti ń fi oyin sójú egbò. Ní ọdún 1963, J. W. White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé háídírójìn pẹ́rọ́sáìdì ló ń pa kòkòrò àrùn; ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò oyin tu sínú oyin ló ń ti ara ṣúgà mú un jáde, bí omi bá ti kàn án.

Láti wọ̀n ọ́n, a ó po oyin mọ́ omi, a ó sì fi ẹ́ńsáìmù mìíràn, peroxidase, pẹ̀lú èròjà tó ń yí àwọ̀ padà sí i. Bí pẹ́rọ́sáìdì bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà yóò ṣe jinlẹ̀ tó. Oyin tí wọ́n ti gbé kaná jù kò ní mú àwọ̀ kankan wá, bó ti wù kí ó dùn tó. Ahọ́n kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí.