Ìtàn Ìṣirò Àforíṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìṣirò àforíṣe, èyí tí í ṣe ìṣirò tí ọmọdé ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀ láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, kọ́ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ohun tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ ka òfin kan jáde, kí ọmọ dà á kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti bá ti olùkọ́ mu, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Warren Colburn, ọmọ ìpínlẹ̀ Massachusetts tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1820, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Olùkọ́ ni ní ìlú Boston nígbà tí ó tẹ ìwé ìṣirò àforíṣe kan jáde ní 1821, ó sì sọ gbangba pé ìlànà Pestalozzi ni òun tẹ̀ lé. Johann Heinrich Pestalozzi yìí ni olùkọ́ ará Switzerland tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Burgdorf, àti lẹ́yìn náà ní Yverdon, di ibi tí àwọn àlejò ti ń wá wo bí ọmọdé ṣe ń fi ojú rí nǹkan, tí ó sì ń kà á, kí a tó fi àmì òǹkà hàn án. Colburn gbà pé ọmọ ọdún 5 tàbí 6 lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò bí a bá fi ìbéèrè kéékèèké nípa ohun tí ó mọ̀ ṣíde, ó sì rọ olùkọ́ pé kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ó ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀, kí ó tó dábàá ọ̀nà mìíràn bí èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ bá wà. Nínú gbogbo ohun tí Colburn kọ, ìmọ̀ràn yìí ni ó lágbára jù, òun náà sì ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e tètè gbàgbé.

Ìwé náà tà káàkiri, ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìṣirò àforíṣe ti di eré ìje ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, nítorí ìgbàgbọ́ ìgbà náà ni pé ìṣòro ìṣirò a máa fún ọpọlọ lókun gẹ́gẹ́ bí ẹrù rírù ṣe ń fún apá lókun. Ní 1935, William Brownell, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àkọ́sórí lásán kò tó, pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń ṣe. Síbẹ̀ àkọ́sórí kò kúrò ní kíláàsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùkọ́ méjì, Ruth Parker àti Kathy Richardson, gbé ètò kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí a lè pè ní ìjíròrò òǹkà, tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Olùkọ́ a kọ ìṣirò kan, bí àpẹẹrẹ 18 × 5, ní ìbú sójú pátákó, kí àwọn ọmọ má baà sáré to nọ́ńbà lé ara wọn lórí. Ọmọ tí ó bá ti rí ìdáhùn kì í nawọ́ sókè. Àtàǹpàkò ni ó ń gbé sí àyà, kí ọkàn ẹni tí ó ṣì ń ronú má baà dàrú. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ ń kọ gbogbo ìdáhùn tí ó bá jáde, àti èyí tí ó tọ̀nà àti èyí tí ó kùnà, láìyí ojú padà, kí ó tó pe àwọn ọmọ láti gbèjà tiwọn. Ẹnì kan lè sọ pé òun mú 10 lọ́nà márùn-ún, òun sì fi 8 lọ́nà márùn-ún kún un. Ẹlòmíràn lè sọ pé 20 lọ́nà márùn-ún ni òun kọ́kọ́ ṣe, tí òun sì yọ 10 kúrò. Ọgbọ́n kejì yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ẹni tí ó ń ti inú ogún yọ èjì kí ó tó dárúkọ 18.

Ìwé tí Sherry Parrish gbé jáde ní 2010 tan ètò náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́, ohun tí ó sì ba iṣẹ́ Colburn jẹ́ lè ba èyí náà jẹ́, nítorí olùkọ́ tí ó ń gba ìdáhùn láìbéèrè ọ̀nà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò kankan. Fún àwọn ọmọ tí ó kéré jù, káàdì tí a to àmì róbótó-róbótó sí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà: a ó fi hàn wọ́n fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, a ó gbé e pamọ́, a ó sì bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n rí àti bí wọ́n ṣe rí i.