Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé

Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé, 14 oṣù Kọkànlá ọdọọdún, ni ọjọ́ ìlanilọ́yẹ̀ nípa àtọ̀gbẹ, àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2006. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìbí Frederick Banting, ẹni tí òun àti Charles Best ṣàwárí ínsúlínì, tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ní Kánádà ní 1921.

Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wọ́pọ̀ lọ́jọ́ náà: wọ́n á gún orí ìka, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á sì ka iye ṣúgà kíá. Oríṣi kejì àtọ̀gbẹ, tó wọ́pọ̀ jù, lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìfura. Oúnjẹ tó dára, eré ìdárayá àti dídín ìsanra kù lè dènà rẹ̀. Oríṣi kìíní ò ṣeé dènà bẹ́ẹ̀.