Àwọn Orílẹ̀-èdè Tí Ń Gbin Kọfí àti Ìjàkadì Wọn Lórí Iye Owó Rẹ̀

Ní ọjà ilẹ̀ wa, ẹni tí ó gbé ẹrù kalẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ dá iye lé e, kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀rọ̀ kọfí kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbìn ín ní òkè Ethiópíà tàbí ní oko Bràsíl a máa gbọ́ iye rẹ̀ láti New York àti London, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń dá oko kọfí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó yóò mọ ohun tí à ń wí. Bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gbin kọfí ti tiraka láti gba àṣẹ iye náà sí ọwọ́ ara wọn ni ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Kọfí dúdú tí à ń rí nínú agolo kọ́ ni ó ń ti oko wá. Èso pupa róbótó ni igi náà ń so, kóró méjì ni ó sì sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ a ká a, wọn a bó ara èso náà kúrò, tàbí kí wọ́n sá a sóòrùn tèèpo-tèèpo títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn a pa èèpo líle rẹ̀ dànù. Kóró tí ó kù ní àwọ̀ bí ewé tí ó ti ṣá, kò sì ní òórùn dídùn kankan. Èyí ni kọfí tútù, tí a kò tí ì yan, tí wọ́n ń dì sí àpò oníwọ̀n 60 kílò. Bí ó bá wà ní ibi gbígbẹ, ó lè pẹ́ tó ọdún kan láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yan án tán, adùn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé ní tútù ni wọ́n ń kó o sọdá òkun, tí èrè yíyan rẹ̀ sì di ti àwọn tí ó wà ní òdì kejì.

Inú igbó òkè gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ethiópíà ni igi náà ti ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Mùsùlùmí kan ní Yẹ́mẹ̀n ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn lọ nínú ìsìn òru, èbúté Mokha níbẹ̀ sì di ibi tí gbogbo ayé ti ń rà á. Nígbà tí àwọn ará Hólándì gbìn ín sí Java ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, agbára Yẹ́mẹ̀n fọ́. Àwọn Faransé pẹ̀lú gbé e lọ sí àwọn erékùṣù wọn. Ní 1791, nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, èyí tí a ń pè ní Háítì lónìí, dìde sí àwọn olówó wọn, ilẹ̀ kan yìí nìkan ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdajì kọfí ayé. Wọ́n gba òmìnira ní 1804, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oko ti jóná, àwọn oníbàárà sì wá ẹlòmíràn.

Bràsíl ni ẹlòmíràn náà. Ọ̀gbẹ́ni Francisco de Melo Palheta ni ó mú irúgbìn kọfí wọ ibẹ̀ láti Cayenne ní 1727. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé ìdajì, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó tó Bràsíl nínú kọfí mọ́. Iṣẹ́ ẹrú ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Kóńgò àti Àńgólà ni ó pọ̀ jù ní àwọn oko àfonífojì Paraíba. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin 1850 fòpin sí kíkó ẹrú wọ Bràsíl láti ilẹ̀ wa, àwọn olóko kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrú láti Bahia àti àwọn ilẹ̀ àríwá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, pọ̀ sí. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888 ni òfin tó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀. Kò sí ilẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà méjèèjì tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí kọfí ti ń pọ̀ sí i ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Ní 1906, àwọn ìpínlẹ̀ São Paulo, Minas Gerais àti Rio de Janeiro pàdé ní ìlú Taubaté, wọ́n sì pinnu pé kí ìjọba máa ra èyí tí ó bá pọ̀jù, kí ó sì kó o pamọ́ títí ọjà yóò fi le. Ọgbọ́n náà jọ ti ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó wa kí ìjọba tó pa á rẹ́ ní 1986. Ó gbé iye sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Kòlóńbíà àti àwọn mìíràn, tí kò ná kọ́bọ̀ sí i, gbin tiwọn sí i lábẹ́ iye rere náà. Nígbà tí ọjà ayé dojú dé ní 1929, àwọn ilé ìkẹ́rù Bràsíl kún àkúnwọ́sílẹ̀. Láti 1931 sí 1944, wọ́n ba àpò tí ó tó 78,000,000 jẹ́. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n dà á sókun, wọ́n tilẹ̀ fi í dáná fún ọkọ̀ ojú irin. Kọfí tí gbogbo ayé ìgbà náà lè mu fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni.

Nígbàkígbà tí a bá sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, wọn a bi wá pé èé ṣe tí wọn kò fi í tọrẹ fún àwọn tálákà. Ìbéèrè rere ni. Ẹni tí ó bá gba kọfí lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ra òmíràn ní ọdún náà, iye yóò sì tún wálẹ̀. A kò rò pé ìdáhùn yìí lè tu ẹni tí ó fi ọwọ́ ká a nínú. Ohun kan jáde nínú ọ̀ràn náà: Bràsíl bẹ ilé iṣẹ́ Nestlé pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí kọfí yóò fi lè pẹ́, èyí ni ó sì bí Nescafé ní 1938.

Ní 1962, àwọn tí ń gbìn ín àti àwọn tí ń mu ún jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan, tí ó fi ìwọ̀n sí iye àpò tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà. Ẹ̀rù Kọ́múnísìmù, lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà ní 1959, wà lára ohun tí ó mú Amẹ́ríkà gbà. Nígbà tí ẹ̀rù náà ń rọlẹ̀, ìwọ̀n náà túká ní oṣù Keje 1989, kí ọdún sì tó parí, iye kọfí ti já dé nǹkan bí ìdajì. Vietnam, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀, wá gbin tirẹ̀ títí ó fi di ìkejì Bràsíl. Ní 2001, iye náà burú débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà Àárín fi èso sílẹ̀ lórí igi, nítorí owó kíká rẹ̀ ju owó títà rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni Ethiópíà gbà. Ní 2005, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ní Amẹ́ríkà pé kí òfin jẹ́wọ́ pé tirẹ̀ ni àwọn orúkọ Sidamo, Harar àti Yirgacheffe, tí àwọn oníṣòwò fi ń ta kọfí lówó gọbọi. Àwọn oníṣòwò kọfí Amẹ́ríkà takò ó, ṣùgbọ́n ní 2007, Starbucks àti Ethiópíà fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn orúkọ náà. Síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì kọfí ilẹ̀ náà ni kì í dé ojú òkun rárá. Ìyàwó ilé ni í fọ kóró tútù náà, tí í yan án lórí ẹyín iná níwájú àlejò, tí í gbé èéfín rẹ̀ kiri kí olúkúlùkù lè gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó gún un nínú odó.