Adìrẹ Abẹ́òkúta: Aṣọ tí Àṣà àti Òwò Jọ Rẹ Láró

Adìrẹ ni aṣọ tí a dì, tí a rán tàbí tí a fi ẹ̀kọ kùn ní àwọn ojú kan kí aró má baà wọ ibẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá rẹ ẹ́ tán, àwọn ojú wọ̀nyí yóò yọ funfun láàárín àwọ̀ dúdú aró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí òwò kò sì dá sí àfi láti bà á jẹ́. Ìtàn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nídìí iṣẹ́ náà, kò bá èrò yìí mu, nítorí láti òkè òkun ni aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe é ti wá, owó tó gbé e dìde sì ti inú òwò kòkó àti èkùrọ́ wá. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ọ̀nà tí àwọn Ẹ̀gbá tó ni ìlú náà ń gbà pín iṣẹ́ àti owó láàárín ọkọ àti aya, aṣọ òkè òkun nìkan kì bá tí di adìrẹ.

Iṣẹ́ aró fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Kí aṣọ òyìnbó tó pọ̀ lọ́jà, kíjìpá, ìyẹn aṣọ líle tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé láti inú òwú tí wọ́n ran fúnra wọn, ni wọ́n ń rẹ láró, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tó ti gbó, kí àbàwọ́n rẹ̀ lè fara sin. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún nínú odó, tí wọ́n ń ṣù ní róbótó, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn kó lè ṣeé tà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, èyí tó ń kán láti inú ìkòkò mìíràn tí wọ́n ti lu nídìí, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan. Wọ́n á ri aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, wọ́n á tún un rì, bí wọ́n bá sì ṣe ń tún un ṣe ni yóò ṣe máa dúdú sí i. Ìkòkò lè kọ̀ kó má mú àwọ̀ jáde, gbogbo ewé àti eérú inú rẹ̀ á sì ṣòfò. Nítorí ewu yìí ni àwọn aláró, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ aró, fi ń bọ Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin gẹ́gẹ́ bí ìkòkò mímọ àti aṣọ rírẹ. Kò tọ́ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ìbọ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ìlànà iṣẹ́ àti ìbẹ̀rù àdánù ti pàdé, òun náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìmọ̀ aró máa ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílùú wọn tẹ Abẹ́òkúta dó sábẹ́ àpáta Olúmọ, lẹ́bàá odò Ògùn tó ṣàn lọ sí ìhà Èkó. Nígbà tó yá, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì ti gbé ní Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, tó gba ìlú náà kọjá, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀nà tí aṣọ funfun láti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kún ọjà. Kíjìpá nípọn, ìlà wẹ́wẹ́ kì í sì í hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ òyìnbó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, nítorí náà ó gba òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso tí wọ́n fi ìko dì mọ́ inú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní adìrẹ oníko, ó sì gba abẹ́rẹ́ àti òwú, èyí tí à ń pè ní adìrẹ alábẹ́rẹ́. Ọ̀pá márùn-ún ni ìró kan ń gbà, tí wọ́n ń gé sí ọ̀nà méjì kí wọ́n tó rán an pọ̀, tó fi jẹ́ pé obìnrin tí owó rẹ̀ kò tó ra aṣọ púpọ̀ náà lè fi ìró kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ibí yìí ni àṣà ilé ti kó ipa tí ó ga jù. Láàárín àwọn Yorùbá, àpò ọkọ yàtọ̀ sí àpò aya: ọkọ ni ó yẹ kó fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ti ìyàwó, ṣùgbọ́n lára èrè yẹn ni a retí pé kó ti ran bíbọ́ àti títọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, kó sì ná owó ìnáwó ẹbí tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe nínú agbo ilé, láàárín ọmọ àti ààrò, bá irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ mu dáadáa. Ní àdúgbò Kẹ́mta àti ní agbègbè ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, aládìrẹ, ẹni tó ń ra aṣọ tó sì ń ṣe ọnà sí i, a máa gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà òyìnbó, á gbé e fún aláró láti rẹ, á sì san gbèsè lẹ́yìn tó bá tà á. Àwọn tó ń di aṣọ ní tòótọ́ sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin ilé, ọmọ iṣẹ́ àti ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé títí di ìgbà tí a bá san owó tí a yá nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ń yin ẹwà adìrẹ àtijọ́ gbọ́dọ̀ rántí ìka àwọn ọmọdé wọ̀nyí, nítorí iṣẹ́ tí a kò sanwó fún wà nínú ìdí tí iye owó aṣọ náà fi rọjú.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ kùn, ni ó dé kẹ́yìn, ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ náà sára aṣọ, ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ní ọnà ni wọ́n ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ ra á, àwọn ọkùnrin ló sì ń gé páànù náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin ni aró. Ìròyìn ayé wọ inú ọnà wọ̀nyí: òpó Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, wà lára ọnà Ìbàdàndùn, àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì sì di ọnà lẹ́yìn àjọ̀dún ìjọba George Karùn-ún ní 1935.

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń wá láti Gold Coast (Gánà òde òní) àti Sẹ̀nẹ̀gà láti ra adìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, tí owó kòkó sì já wálẹ̀, àwọn oníbàárà dín kù, gbèsè àwìn sì wà lọ́rùn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláró ti yíjú sí aró òyìnbó àti sódà, èyí tó dípò omi eérú, nítorí pé wọ́n yára, wọ́n sì dín iye ọjọ́ àti igi ìdáná kù. Ṣùgbọ́n bí sódà bá pọ̀ jù, ó ń jẹ aṣọ. Ẹ̀sùn pé adìrẹ Abẹ́òkúta ń ṣá, ó sì ń fàya, tàn kálẹ̀, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá tó ń ṣàkóso lábẹ́ ìjọba amúnisìn, sì fòfin de aró òyìnbó àti sódà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀ràn náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936.

Ìdíje yìí kì í ṣe ti àṣà lòdì sí owó, bí ó tilẹ̀ rọrùn láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀lú ń gbèjà orúkọ ọjà wọn lójú oníbàárà òkèèrè, àwọn tó sì ń gbèjà sódà ń gbèjà ẹ̀tọ́ obìnrin láti pinnu bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ kí ó lè bọ́ ọmọ, ẹ̀tọ́ kan tó ti pẹ́ nínú àṣà Ẹ̀gbá ju òfin èyíkéyìí tí ìjọba amúnisìn gbé dìde lọ. Ẹ̀tọ́ yìí kan náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tún dìde fún nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, kó wọn jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, kó tó padà ní 1950.

Lẹ́yìn òmìnira, àǹkárá gba ipò adìrẹ lóde ayẹyẹ, ìkòkò ẹ̀lú sì dín kù púpọ̀. Kàmpálà, adìrẹ aláwọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi aró òyìnbó ṣe, ló gbé òwò náà ró ní Ìtòkú, nígbà tí àwọn ayàwòrán bí Nike Davies-Okundaye ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀lú ní Òṣogbo. Ní báyìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó gbé ọnà adìrẹ wọ̀ láìsí dídì àti láìsí aró, ń dé Ìtòkú ní owó tí kò tó ti adìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, àwọn aládìrẹ sì ti bẹ ìjọba pé kó dí ọ̀nà mọ́ ọn.