Pápá ìjẹko fún abo màlúù àti ọmọ rẹ̀ ní àríwá Èkìtì

Ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, níbi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, koríko kì í wọ́n nígbà òjò. Bí oṣù kẹjọ bá fi dé, eèsún àti ẹ̀rùwà a ti ga ju orí ènìyàn lọ. Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, iná ìgbẹ́ á ti jó púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù á sì ti gbẹ bí igi. Àkókò yìí gan-an ni màlúù máa ń ya wọ oko ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ó ń tìdí rẹ̀ yọ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa ènìyàn méjì ní Òkè-Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣé buwọ́ lu òfin tí ó de dída ẹran káàkiri ní Èkìtì. Òfin lè lé màlúù kúrò lóko, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ ọ. Ẹni tí yóò bá sin ín sójú kan gbọ́dọ̀ gbin koríko bí ẹni gbin àgbàdo. Ní Ìkún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, níbi tí ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí àti iléeṣẹ́ Promasidor ti jọ jí oko màlúù ìjọba dìde lẹ́yìn ọdún 2018, wàrà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹran. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni.

Màlúù funfun àwọn Fúlàní tí ó wọn 250 kìlógíráàmù a máa jẹ koríko tútù tó 25 sí 30 kìlógíráàmù lójúmọ́. Bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, yóò jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọmọ màlúù ti ń já koríko wò, ṣùgbọ́n wàrà ni ó gbé e ró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìyá tí ebi ń pa yóò máa fi ẹran ara rẹ̀ ṣe wàrà. Bí ó bá rù tán, wàrà á gbẹ, kò sì ní tètè gba akọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ba ọmọ ọdún yìí àti ti ọdún tí ń bọ̀ jẹ́.

Nítorí náà ni ó ṣe dára kí a da akọ pọ̀ mọ́ abo ní oṣù keje. Oyún màlúù fi díẹ̀ ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, wọn yóò sì bí ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, ọmọ á ti tó já lẹ́nu ọmú.

Koríko Guinea ni ó rọrùn jù láti gbìn lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbin stylo tàbí centro, tí wọ́n jẹ́ ìran ẹ̀wà, sí àárín rẹ̀, nítorí koríko tí pùròtéènì inú rẹ̀ kò bá tó 7 nínú 100 kò lè gbé màlúù dúró, èyí tí ó gbẹ sórí ìdúró kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọgbà pín pápá náà sí ọ̀nà mélòó kan. Kí ẹran má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lójú kan, kí ibẹ̀ sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó padà. Bí àlàfo kékeré bá wà lára ọgbà, ọmọ màlúù yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ jẹ ọ̀mùnú koríko ṣáájú ìyá rẹ̀.

Fún oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn, abo kan àti ọmọ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tọ́ọ̀nù kan koríko gbígbẹ. Kí òjò tó dá ni kí ẹ ti gé e, nígbà tí ó ṣì rọ̀. A lè sá a, a sì lè gé e wẹ́wẹ́, kí a kì í mọ́ inú kòtò títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní sí níbẹ̀, kí a sì fi ọ̀rá bò ó pinpin. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń dà nù nídìí gàrí náà wúlò, bí a bá sá a gbẹ dáadáa kí oró inú rẹ̀ lè dínkù. Kò ní pùròtéènì tó, nítorí náà ewé agúnmaníyè tí a ti sá rọ ni kí ẹ pò mọ́ ọn.