Àrokò Lójú Sinimá: Ìtàn Bí Àwòrán Ṣe Ń Sọ̀rọ̀

Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ni. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà kan náà ni sinimá ń gbà sọ̀rọ̀: ohun tí a rí, ibi tí wọ́n gbé e sí, àti ohun tí wọ́n fi pa mọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Lẹ́yìn náà, William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba amúnisìn, lo fíìmù níbẹ̀ láti kìlọ̀ nípa àrùn tí eku ń gbé kiri. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ó gbà pé ojú ọmọ Áfíríkà tí kò kàwé kò lè tètè túmọ̀ àwòrán, nítorí náà kí fíìmù rọra máa lọ, kí kámẹ́rà má sì dá àrà kankan.

Àwọn onífíìmù ìgbà náà máa ń sọ ìtàn àwọn ará abúlé kan tí wọ́n fi ẹ̀fọn hàn, tí ẹ̀fọn náà gba gbogbo ojú aṣọ. Wọ́n ní àwọn ènìyàn náà fèsì pé ẹ̀fọn tiwọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí àìmọ̀ ni wọ́n fi èyí ṣe. Lójú tiwa, ẹ̀rí ìmọ̀ ni: ẹni tó mọ ẹ̀fọn ìlú rẹ̀ ló lè fèsì bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò ṣàlàyé fún un ni pé kámẹ́rà a máa sọ kékeré di ńlá.

Ní 1999, Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ní ìlú Jogbo inú fíìmù náà, gbẹ́rẹ́ ló so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Lápitẹ́ kọ gbẹ́rẹ́, ó sì jọba. Láti ìgbà náà, bí adé bá ti hàn lórí rẹ̀, òǹwòran mọ ohun tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn igi gẹdú tí wọ́n ń gé ń sọ èyí tó kù. Nígbà tí Lágàta ológun gbé adé lérí, tí ìlù sì dún, orí fífọ́ ló pa á. Ọdún tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni. Kò sí ẹni tó nílò kí a dárúkọ ẹnikẹ́ni fún òun.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Warri. Ọmọ tó dàgbà nítòsí iná gáàsì, tó ti rí epo lójú odò, kò ní wo igi gẹdú Jogbo bí igi lásán. Ọmọ Itsekiri mọ ohun tí adé Olú dúró fún. Ọmọ Urhobo tàbí Ijaw lè má gbọ́ Yorùbá inú fíìmù náà, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ yóò bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń béèrè “Kí ló ṣẹlẹ̀?” nìkan lẹ́yìn fíìmù, àṣìṣe Sellers ni ó ń tún ṣe. A dábàá pé kí a pa ohùn fíìmù, kí a dá àwòrán kan dúró, kí a wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni o rí, kí ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ni wọn kò jẹ́ kí o rí? Ojú ọmọ wa kò fọ́. Ìbéèrè wa ni kò tíì tó.