Agbégilódò: Ta Ló Ń Yẹ Ẹrù Wò Lẹ́yìn Tí Ọkọ̀ Bá Ti Gbéra?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ Ìjẹ̀bú-Igbó lórúkọ, igbó ló wò. Òkè-Àgbò jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún tó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, igi gẹdú sì wà lára ohun tí a fi ń dá agbègbè náà mọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó igi náà jáde kúrò nínú igbó ni a ń pè ní agbégilódò. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè gba Òrù kọjá, ẹ mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú ẹni, tí ìtì igi ń mì lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò lè gbójú fo orúkọ náà. Bí a bá tú u, ohun tí a rí ni a + gbé + igi + ní + odò: ohun tó ń gbé igi ní odò. Kí ló wá gbé odò wọ inú orúkọ ọkọ̀ orí ilẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìtàn. Omi ni igi gẹdú máa ń bá rìn láti ìhà Ogun Waterside. Wọ́n á so ìtì igi pọ̀, wọ́n á tì í sórí ọ̀sà, ó di Èkó, ní Òkòbàbá, Ẹbúté-Mẹ́ta, níbi tí sọ́míìlì pọ̀ sí. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò là, igi gun orí ọkọ̀, àmọ́ odò kò kúrò nínú orúkọ.

Ìyípadà yìí kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Bí okùn bá tú lórí omi, olówó igi ló máa ń pàdánù. Bí ṣéènì bá tú lórí ọkọ̀, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni igi ń wó lù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè lónìí pé: láti ìgbà tí ọ̀nà ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ta ló ń yẹ ẹrù wò, kí sì ni ó ń wá?

Oníbodè ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn fi hàn wá. Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà tó ti etí òkun wọ inú ilẹ̀ Yorùbá mú. Àwọn oníbodè ń dá oníṣòwò dúró, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń pinnu ẹni tó lè kọjá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọ́n lóṣù karùn-ún ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ohun tí oníbodè ń wá ni owó àti àṣẹ ìlú. Bóyá ẹrù ti wúwo ju orí aláàárù lọ, ìyẹn kò kàn án. Aláàárù fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó tún òṣùká ṣe, kó tó máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé, pẹ̀lú bọ́lẹ̀kájà onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù pọ̀. Nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹnì kan wà tí ìtàn kì í sábà dárúkọ: ọmọ-ọkọ̀, tí a tún ń pè ní mọ́tò-bọ́ì. Igi ìdènà tàyà kì í kúrò nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, òun ni yóò fò sílẹ̀, tí yóò fi igi náà dí tàyà lẹ́yìn kí ọkọ̀ má baà yí padà. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ó ń yí i ká, ó ń fi irin gbá tàyà láti gbọ́ bó ṣe dún, ó ń fa okùn wò. Kò ka ìwé òfin kankan. Inú ọkọ̀ náà ni òun náà wà: bí ó bá dànù, ó dànù mọ́ ọn lórí ni.

Òfin ìjọba wá gba ọ̀nà mìíràn. VIO ń yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó gba ìwé pé ó yẹ lójú pópó. Lọ́dún 1977, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Òun kan náà ló ti kọ eré The Road lọ́dún 1965, tó dá lórí awakọ̀, ọmọ-ọkọ̀, jàǹbá àti Ògún. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn àjọ wọ̀nyí ń ṣe, a kò sì lè fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ọkọ̀ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kò lè sọ bí ẹrù ṣe rí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta lórí kòtò àti gegele.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìtì igi tútù kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń jò sókè sódò, èèpo igi á máa bó, ìtì á máa wọ inú ara wọn, ṣéènì tó le dan-in nígbà tí wọ́n di ẹrù á sì dẹ̀. Bíréèkì á gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tàyà inú, lára méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn, lè jò tán kí awakọ̀ má mọ̀, á máa fara gbo èkejì títí yóò fi gbiná. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó hàn ní ibi tí ọkọ̀ ti gbéra.

Amẹ́ríkà fi èyí sínú òfin. Awakọ̀ akẹ́rù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ yẹ ẹrù àti ohun tí wọ́n fi dì í wò láàárín máìlì 50 àkọ́kọ́, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 80. Lẹ́yìn náà, yóò tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 3 tàbí máìlì 150, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ká ní òfin yìí wà níbí, kò sí agbégilódò tí yóò ti Òkè-Àgbò dé Èkó láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tí ọmọ-ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ń ṣe láìka ìwé ni wọ́n sọ di òfin níbẹ̀.

Èkó ti jẹ́ kí a rí ohun tó ń tẹ̀yìn àìyẹ̀wò yọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ńténà já láti orí afárá Òjúẹlẹ́gba lu ọkọ̀ kan, èèyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ńténà mìíràn tún wó lu ọkọ̀ akérò ní Òjúẹlẹ́gba kan náà, èèyàn 9 kú. Láàárín méjèèjì, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, táńkà epo ṣubú lẹ́bàá afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Èèyàn 9 kú, ọkọ̀ 54 jóná. Bíréèkì tó kọṣẹ́ ni àwọn aláṣẹ dá lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ tàyà pàápàá ní ìtàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá, ti da owó sórí iṣẹ́ tàyà àti rọ́bà nílẹ̀ wa nígbà kan. Dunlop wà ní Ìkẹjà, Michelin wà ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́dún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ tàyà ṣíṣe dúró kété lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, tọ̀kunbọ̀ ló gba ojú ọ̀nà. Tàyà tí ẹlòmíràn ti lò tán kó tó wọ ọkọ̀ mi, ṣé kò yẹ kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò ju tuntun lọ ni?

Àwọn kan yóò ní awakọ̀ wa kò gbọ́n, tàbí pé olójúkòkòrò ni wọ́n. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá dúró nígbà mẹ́wàá lójú ọ̀nà nítorí ìwé àti owó, báwo ni yóò ṣe fẹ́ dá ara rẹ̀ dúró nígbà kọkànlá nítorí ṣéènì? Ìrìn-àjò ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀, olówó ọkọ̀ sì ń pè é lórí fóònù. Àwọn oníbodè òde òní ti jẹ àkókò tó yẹ kó fi yí ọkọ̀ rẹ̀ ká.

Nítorí náà, ibi tí a rò pé àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ olówó ọkọ̀ àti olówó igi. Kí wọ́n ka ìdúró ìṣẹ́jú 15 mọ́ owó ìrìn-àjò, kí wọ́n má sì fi í dá awakọ̀ lẹ́bi. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ máa kọ́ ọmọ-ọkọ̀ ní iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi iṣẹ́ tó lórúkọ. Kí àwọn ibi tí tírélà ti ń sinmi, bí Ògèrè, ní ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì ní iná, níbi tí èèyàn ti lè wo abẹ́ ọkọ̀ láìbẹ̀rù. Kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó bá sì dá agbégilódò dúró kọ́kọ́ fọwọ́ kan ṣéènì kó tó béèrè ìwé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, púpọ̀ nínú wa ni òbí rẹ̀ ní ọkọ̀, tó ń ta pákó, tàbí tó ń wa tírélà. Bí ẹ bá délé, ẹ bi wọ́n pé ibo ni ọkọ̀ máa ń dúró sí láti di ṣéènì rẹ̀ le padà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dárúkọ ibẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ibẹ̀ nìyẹn.